Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Metwali Gé Kúrú

Òwú ni Metwali ń gbọ̀n ní ìlú Damanhur, nílẹ̀ Lárúbáwá. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe kú nìyẹn, òun náà ò mọ òmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Á gbé ọrun kọ́ èjìká, á jókòó síwájú ilé ìyàwó, á fi ọrun gbọn òwú títí yóò fi wú bí ìkuukùu, á sì rán tìmùtìmù tí tọkọtaya máa sùn lé.

Kì í sọ̀rọ̀. Èèyàn lè bá a jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó má gbọ́ ju "ẹ bá mi mú abẹ́rẹ́ yẹn" lọ. Àwọn mìíràn wà ní ìlú tí wọ́n ń gbọn òwú tó o, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń pè jù, ìdí rẹ̀ kò sì pamọ́. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá Metwali, ẹ máa mú Ìyá Hamdi dání, àbí?" Tó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí.

Inshirah, ìyàwó rẹ̀, ni Ìyá Hamdi. Ibi tí ọkọ rẹ̀ bá ti ń gbọn òwú, ibẹ̀ lòun náà máa ń jókòó sí, á máa fi ọwọ́ tú òwú, á máa fi ẹnu bá òwú jà bí ẹni tó rí orogún.

"Ìwọ òwú yìí, gbọ́ mi o! Tí ọkọ bá bínú sùn lórí rẹ, gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó yíjú padà sí ìyàwó! Tó bá jẹ́ ìyá ọkọ ló wá jókòó lé ọ, ìwọ náà mọ ohun tí o máa ṣe."

Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ahọ́n ké igbe ayọ̀, ìyàwó á fi ìborùn bojú. Inshirah á wá dìde, á fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, á jó yí òwú náà ká. Metwali kò ní gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ọrun rẹ̀ á máa bá ẹsẹ̀ obìnrin náà lọ.

Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá lọ́yàyà, tí ara rẹ̀ ń yá gágá, tí kì í jẹ́ kí ibi tó wà tutù, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá dijú mọ́rí, tó ń sú èèyàn, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wúwo. Kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tó ti Inshirah ní àdúgbò yẹn. Metwali mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tòun wúwo. Kò dùn ún. Ẹnì kan ti ní in nínú ilé, ó tó àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan ni nǹkan yí padà. Kò yí padà lọ́jọ́ kan. Inshirah kọ́kọ́ ní òtútù ń mú òun. Ooru ni o, ooru tí ajá ń yọ ahọ́n, ó sì wé ṣáàlì onírun mọ́ ọrùn. Ó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ilá. Tó bá jẹun àárọ̀ tán, á jókòó lórí àga, oorun á gbé e lọ, wọ́n á pe ìrun ọ̀sán kò ní gbọ́. Ohùn rẹ̀ ki bí ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ojú rẹ̀ wú. Èèyàn á bi í ní ọ̀rọ̀, ìdáhùn á máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Metwali wá ń dá lọ sí ilé ìyàwó.

"Ìyá Hamdi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn."

Àwọn kan ní ojú ìlara ló mú un, wọ́n ní kó sun tùràrí. Àwọn kan ní àárò Hamdi tó wà ní Ìráàkì ló ń ṣe é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó wò ó, ó fa Metwali sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àgbà ló dé, Bàbá Hamdi. Kí lẹ tún ń wá? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa jó títí wọ sàréè ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Metwali wí.

Ẹ̀rù ń bà á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Inshirah bá sùn lórí àga lọ́sàn-án, á dìde lẹ́nu iṣẹ́, á mú ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ imú rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá èémí ń jáde. Ó dá a lójú pé obìnrin náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé kò sì sí ẹni tó rí i àfi òun.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìlú kejì, létí odò tí wọ́n gbẹ́, àwọn ará òkèèrè ló ń ṣe é. Dókítà obìnrin kan láti Sìkọ́tíláǹdì ló wà níbẹ̀, Elspeth lorúkọ rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó sì ń ṣàánú. Ó ti fi ìwé kọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pe orí, inú, ẹ̀jẹ̀ àti ibi tó ń dunni.

"Kí ló ṣe màmá?" ó bi Metwali.

Metwali ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ilé. "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti wúwo báyìí."

Inú dókítà dùn. Gbogbo ẹni tó ń wá ló máa ń rojọ́ gígùn fún un. Ẹni yìí lọ tààrà, gbogbo ohun tó sọ ló sì yé e. "Ẹ̀jẹ̀!" ó ní. Ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà wá, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹ̀jẹ̀ dára. Kò fúyẹ́, kò wúwo. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Metwali wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti sùn lórí àga. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó mú un lọ sílé.

Ẹ̀ẹ̀kejì tó lọ rojọ́, ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Nọ́ọ̀sì Awatef wá, ọmọ Alẹkisáńdíríà, ọ̀dọ́bìnrin tí kì í gbé ẹsẹ̀ kan kí ẹlòmíràn má ti pè é. Metwali sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe sọ ọ́ rí. Ó sọ ti òwú, ó sọ ti àwọn ìyàwó, ó sọ ti ṣáàlì nínú ooru. Awatef gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí dókítà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Dókítà mi orí, ó fèsì.

"Ó ní kí wọ́n sinmi," Awatef wí.

"Nọ́ọ̀sì, kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ó rẹ̀ wọ́n."

"Ìyẹn nìkan?"

"Bàbá, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Dókítà ní gbogbo èèyàn ló ń rẹ̀ ní ọjọ́ orí màmá, ó ní òun náà, ó rẹ òun. Èrò kún ìta, ẹ̀yin náà rí i."

Metwali wọ bọ́ọ̀sì padà. Kò bínú sí ọmọ náà. Àárẹ̀ la fi ń pe àìsàn, àárẹ̀ náà la fi ń pe ẹni tó ru igi dé. Ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù. Dókítà kò mọ Inshirah rí. Arúgbó tó ń sùn lórí àga ló ń rí, ó sì rò pé bó ṣe wà láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn. Ohun tó yẹ kó gbọ́ kì í ṣe bí obìnrin náà ṣe wà báyìí. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹnì kan ní láti sọ ìyẹn fún un lédè tiẹ̀, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Tíṣà Wagdi ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Metwali bá a níbi tó ti ń mu tíì.

"Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Wagdi yọ awò ojú. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ìyá Hamdi ni."

"Háà! Ti Ìyá Hamdi kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ." Ó dìde dúró. "Vivacious."

"Kí lẹ wí?"

"Vivacious! Ọ̀rọ̀ ńlá ni, Ọ̀gá Metwali. Ìyè wà nínú rẹ̀, ijó wà nínú rẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn."

"Ṣé kò sí èyí tí wọn ò ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn?"

"Ìyàwó yín lẹ fẹ́ sọ bó ṣe rí, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ó ní kó fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kó wá jẹ́ kó máa kùn bí oyin. Metwali kan ètè. Atẹ́gùn ló jáde.

"Ó ń kùn ni, bàbá. Ẹ jẹ́ kó kùn."

"Fffff."

"Mo ní kó kùn, kì í ṣe táyà kẹ̀kẹ́ ló ń jò."

Nígbà tó yá, Wagdi gbà pé kó jẹ́ fi-fé-ṣọ̀s, pé Ọlọ́run á bá wọn ṣe èyí tó kù. Metwali gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń ta ọsán ọrun, ó ń wí i: fi, fé, ṣọ̀s. Inshirah la ojú díẹ̀ lórí àga.

"Kí lẹ ń fẹ́ fú fú sí, Bàbá Hamdi? Ṣé tíì gbóná ni?"

"Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ẹ rọra o," ó wí, oorun sì tún gbé e lọ. Tẹ́lẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ì bá fi pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Metwali gbé ọrun sílẹ̀. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu lọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, ó rí i pé ó ti gùn jù. Fi wà níbẹ̀, fé tún wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n létí tiẹ̀. Kí la fẹ́ fi méjì ṣe? Bí aṣọ bá gùn ju tìmùtìmù lọ, a ó gé e ni. Ó gé àárín rẹ̀ sọnù. Èyí tó kù fúyẹ́ lẹ́nu, ó sì jọ ti àkọ́kọ́. Fi-ṣọ̀s. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èyí tó kù yẹn, vicious, ń jẹ́ nǹkan mìíràn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ajá tó ń gé èèyàn jẹ ni wọ́n ń fi pè, àti òǹrorò ẹ̀dá.

Dókítà Elspeth ní kí wọ́n jókòó. Inshirah jókòó. Metwali dúró, ó nà ró bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó kàwé, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí Wagdi ṣe tò ó fún un: ìyàwó mi, tẹ́lẹ̀, fi-ṣọ̀s, nísinsìnyí, rárá.

Ojú dókítà là. "Fi-ṣọ̀s?"

"Fi-ṣọ̀s!" Inú Metwali dùn pé ó yé e. Ó bọ́ sí Lárúbáwá. "Púpọ̀! Nílé, níta, níbi ìgbéyàwó. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn!"

Dókítà wo Inshirah, tí orí rẹ̀ ti ń tẹ̀ síwájú. Ó wo ọwọ́ Metwali, níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un láti kékeré, tí àpá kún ibẹ̀. Ó bi Awatef, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ohun kan jẹ́jẹ́. Awatef gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa jáde.

"Bàbá, dókítà ń béèrè bóyá màmá ló ṣe ọwọ́ yín báyìí. Ṣé wọ́n máa ń gé yín jẹ?"

"Ta ni?"

"Màmá."

"Ebi ń pa á ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé òǹrorò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti fi í sílẹ̀. Dókítà ní òun bá yín yọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Metwali rù wá láti ilé ti já sílẹ̀, ó fọ́. Dókítà ti ń fa ìwé súnmọ́ ara rẹ̀. Wọ́n á tún ní kí Inshirah lọ sinmi. Á sì sinmi lóòótọ́. Á máa sinmi lọ títí, lọ́jọ́ kan kò ní jí mọ́, gbogbo èèyàn á ní àgbà ni.

Metwali bọ́ bàtà. Kò mọ ìdí tó fi bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sí ìbàdí, ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó sì jó.

Ẹni tí kò jó níbi ìgbéyàwó tirẹ̀ ni o. Ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, eékún rẹ̀ ń dún. Ó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ó na ìka sí i: "Ìwọ òwú yìí, gbọ́ mi o! Tí ìyá ọkọ bá jókòó lé ọ!" Ó fi ahọ́n ké igbe àwọn obìnrin, ohùn rẹ̀ há. Ó ṣe bí Inshirah ṣe máa ń sáré gun àtẹ̀gùn, bó ṣe máa ń fi ìborùn na ẹni tó bá a ṣàwàdà. Àwọn tó wà níta rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà. Awatef ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà náà rẹ́rìn-ín.

Metwali tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. "Òun nìyẹn," ó wí. "Kì í ṣe èmi. Òun."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yìí, ó wo obìnrin orí àga.

"Lively," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí Awatef kò gé ọ̀rọ̀ kúrú. "Ó ní, ṣé bí màmá ṣe rí gan-an nìyẹn? Ó ní, ìgbà wo ni?"

"Títí di ọdún Iléyá tó kọjá."

Inshirah la ojú. Ó ti ń wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó bọ̀.

"Ọwọ́ òsì ni."

"Kí lo wí?"

"Ọwọ́ òsì ni mo máa ń fi sí ìbàdí. Ọ̀tún lẹ fi sí i."

Awatef sọ ìyẹn náà fún dókítà. Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ Inshirah, eékún wọn kan ara wọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó gbẹ. Ó wo ìpẹ̀kun bèbè ojú rẹ̀ níbi tí irun ti re. Ó fi òòlù kékeré kan án ní eékún, ẹsẹ̀ náà rò ó kó tó mira. Ó fi ìka wá ọ̀fun rẹ̀. Ó ní òun máa tún ẹ̀jẹ̀ náà wò, pé lóòótọ́ lòun wò ó lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn lòun wá nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Alẹkisáńdíríà.

Ohun tó padà wá ni pé nǹkan kékeré kan wà ní ọ̀fun èèyàn tó ń dáná fún gbogbo ara. Ti Inshirah ti ń kú lọ bí iná tí wọn ò fi igi kún mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró kan, funfun, kékeré, tí yóò máa lò láàárọ̀ kó tó fẹnu kan búrẹ́dì, títí ayé. Dókítà ní kí wọ́n ní sùúrù.

Inú Wagdi kò dùn nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ.

"Ẹ gé e? Ọ̀gá Metwali! Ọ̀rọ̀ kì í ṣe aṣọ!"

"Ó gùn."

"Ẹ sọ ìyàwó yín di ajá!"

"Dókítà ti fún mi ní òmíràn. Láífílì."

Wagdi yín imú. "Ìyẹn? Ọ̀rọ̀ inú ọjà nìyẹn. Wọ́n lè fi pe ọmọdé, wọ́n lè fi pe ẹṣin, orin, ọjà tó bá ń tà wàràwàrà. Kò ní ẹwà kankan."

"Ọmọdé, ẹṣin, orin, ọjà," Metwali tún un wí. "Ìyá Hamdi náà nìyẹn."

Láàárọ̀ tó bá ti gbé oògùn àti omi fún un, á dúró tì í.

"Láífílì?" á béèrè.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Hamdi."

Oṣù kan kọjá bẹ́ẹ̀. Metwali tún ń mú ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ imú rẹ̀. Oṣù mìíràn wọlé. Lọ́jọ́ kan ó padà dé, ó rí ṣáàlì onírun lórí okùn, ó ti fọ̀ ọ́, ó sá a. Lọ́jọ́ mìíràn iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Láífílì?"

"Díẹ̀," Inshirah wí. Ó rò ó. "Bíi ti ẹṣin arúgbó."

Òtútù ọdún náà ń lọ sópin nígbà tí Metwali jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá ìyàwó kan ń dúró dè é ní òpin òpópónà. Kò tíì rìn jìnnà tó gbọ́ tí fèrèsé òkè ilé rẹ̀ ṣí. Olùtà tòmátì kan ti dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sísàlẹ̀, agbọ̀n tí wọ́n fi ń ra ọjà sì ń ti òkè bọ̀ lórí okùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé tòmátì nìyí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gbá létí?"

"Ìyá Hamdi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Tòmátì gidi ni, ẹ fọwọ́ kàn án wò."

"Kí n fọwọ́ kàn án láti òkè níbí, ṣé ọwọ́ mi gùn tó ti ìjọba ni? Kó èyí kúrò. Kó ìyẹn náà kúrò. Èyí tí o fi sísàlẹ̀ tí ò ń tọ́jú fún àfẹ́sọ́nà rẹ, òun ni kí o kó fún mi."

"Mi ò ní àfẹ́sọ́nà, màmá."

"Pẹ̀lú irú tòmátì yìí, báwo ni o ṣe máa ní?"

Fèrèsé tó kọjú sí i ṣí. Òmíràn náà ṣí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Inshirah kò yá lẹ́nu tó ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń dúró mí láàárín, ó sì di ọwọ́ kan mú ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Metwali fi ẹ̀yìn ti ògiri ní igun òpópónà, níbi tí obìnrin náà kò ti lè rí i. Ó gbé ọrun sílẹ̀. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá láti ilé ìyàwó.

"Bàbá, wọ́n ní òwú ń dúró dè yín."

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀," Metwali wí. "Mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́."